Kosso: Igi Ọ̀dàn Wa Tó Di Àga ní Ṣáínà

Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń ka èyí lórí fóònù yín, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ètò náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ìtàn igi kan ni mo gbé wá lónìí.

Ìlú bàbá mi ni Okaka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní Òkè-Ògùn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí mọ ọkọ̀ gẹdú, ó sì mọ ọkọ̀ èédú. Nínú igi ọ̀dàn, ọ̀kan wà tí àwọn agégẹdú ń pè ní àpẹ́pẹ́. Kosso lorúkọ rẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ìbátan igi osùn ni. Tẹ́ ẹ bá ṣá a ládàá, oje pupa bí ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sun. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ, ewé rẹ̀ ni àwọn Fúlàní darandaran ń gé fún màlúù.

Báwo ló ṣe wá dé Ṣáínà? Àwọn olówó ibẹ̀ fẹ́ràn àga àti bẹ́ẹ̀dì onígi pupa, irú èyí tó wà láàfin àwọn ọba wọn láyé àtijọ́. Hongmu ni wọ́n ń pe igi bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2000, ìjọba wọn to oríṣi igi 33 tó lè jẹ́ hongmu, kosso sì wà lára wọn. Nígbà tí àwọn igi ti Éṣíà ń tán lọ, àwọn oníṣòwò kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àmọ́, ṣé kò sófin ni? Ó wà o, ó sì ti pẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1973 ni wọ́n ṣe àdéhùn CITES ní Washington, kí òwò ilẹ̀ òkèèrè má bàa run ẹranko àti igi. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin fún ara rẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1974. Ta ló ṣìkejì ní gbogbo ayé? Nàìjíríà! Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1974. Switzerland gan-an, níbi tí ọ́fíìsì CITES wà lónìí, ẹ̀yìn wa ló dé.

Ọdún 1985 la tó wá ṣe òfin tiwa nílé láti fi ti àdéhùn yẹn lẹ́yìn. Owó ìtanràn ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ẹ̀dá tí òfin dáàbò bò jù lọ ṣòwò? Ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó gbé e sókè sí mílíọ̀nù márùn-ún.

Ọdún 2016 yẹn náà ni ìpàdé CITES ní Johannesburg gbé kosso sínú Àtẹ Kejì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Ohun tí Àtẹ Kejì ń sọ rèé: ẹ lè tà á, ṣùgbọ́n kí ìwé àṣẹ tó jáde, kí onímọ̀ ilẹ̀ yín ti yẹ inú igbó wò, kó sì jẹ́rìí pé èyí tí ẹ fẹ́ gé kò ní pa ìran igi náà run. Ìwé ló yẹ kó ṣáájú igi.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, àjọ EIA, tó máa ń tọpinpin irú òwò yìí, gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún gẹdú kosso láti Nàìjíríà, tó tó ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là, tó dé Ṣáínà láìní ìwé, àti pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti gúnlẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àṣẹ jáde láti ọ̀dọ̀ wa. Igi ló wá ṣáájú ìwé.

Lọ́dún 2018, CITES ní kí gbogbo ayé dá òwò kosso pẹ̀lú Nàìjíríà dúró. Lọ́dún 2022, ó kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa tá a ṣìkejì níbi àdéhùn la kọ́kọ́ fi ojú gbogbo ayé mọ ìtìjú.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹnubodè ni CITES ń ṣọ́, kò lè ṣọ́ ọ̀dàn. Nígbà tí gẹdú bá ti dé inú kọ̀ǹténà ní èbúté, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó lè ka igi tó kù ni àgbẹ̀, darandaran, baálẹ̀ tó ń yọ̀ǹda igbó fún agégẹdú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi máa ń mú owó gẹdú wá, ọdọọdún ló sì ń fún màlúù ní ewé. Ó yẹ kí àwọn ará Okaka mọ ìṣirò yẹn kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Igi wo ló wà ní ìlú yín nígbà kan tí ẹ ò rí mọ́? Ẹ bi àwọn àgbà ilé, kẹ́ ẹ sì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná o.