Orin Oókàndínlógún

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ibi tí orin ìlọ́po ti máa ń há àwọn ọmọ lọ́fun. Bí wọ́n bá ń ka ti méjì, ti márùn-ún àti ti mẹ́wàá, ariwo wọn á dé ojú títì. Tó bá kan 19, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kà á, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá kà á wò. Ìkínní, oókàndínlógún. Ìkejì, méjìdínlógójì. Ìkẹta, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ìkẹrin, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ìkarùn-ún, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá ti mọ ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún kò ní ìṣirò kankan láti ṣe mọ́. Ọ̀kan kúrò nínú ogún kan, méjì kúrò nínú ogún méjì, mẹ́ta kúrò nínú ogún mẹ́ta. Bó ṣe ń pe òǹkà náà ló ń dáhùn ìbéèrè.

Lẹ́sẹ̀ kẹfà ni orin já. 19 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 114, a kì í sì í pè é ní mẹ́fàdínlọ́gọ́fà. Mẹ́rìnléláàádọ́fà là ń pè é, torí pé òǹkà wa kì í yọ ẹyọ tó bá ju márùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí orin 18 fi tètè já ju ti 19 lọ: ó lọ dáadáa dé mẹ́rìndínlógójì, àmọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́fà ló yẹ ká yọ nínú ọgọ́ta, ó ti pọ̀ jù, a bá dọ́gbọ́n yà sí mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ orin tó gbòòrò ju ti 19 lọ, kó gbìyànjú 199. Oókàndínnígba, méjìdínnírinwó, mẹ́tàdínlẹ́gbẹ̀ta, mẹ́rìndínlẹ́gbẹ̀rin, márùndínlẹ́gbẹ̀rún. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó kà á láìmí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún ni ààlà? Èmi gbà pé ọwọ́ ló fà á, ọwọ́ kan náà tó wá ń ka owó ẹyọ nílẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nárì ará Jámánì tí ìjọ CMS fi sí Ìjàyè kí Ìbàdàn tó fọ́ ìlú náà ní 1862, kọ àpilẹ̀kọ kékeré kan lórí òǹkà Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1887. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ owó sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ tì í, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀, á máa kà nínú ikùn láti ení dé ogún. Ogún ìfà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Á tún ṣe ọgọ́rùn-ún mìíràn, á gbá méjèèjì pọ̀ di igba. Igba ni òkìtì tó parí. Mann ka èyí sí orísun bí òǹkà wa ṣe rí. Mi ò bá a dé ibẹ̀ yẹn pátápátá. Láti erékùṣù Maldives ni owó ẹyọ ti wá, ọwọ́ ènìyàn sì ti ní ìka márùn-ún kí ọkọ̀ òkun àwọn Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n pé ilẹ̀ ìkawó ló mú òǹkà náà mú ṣáṣá, tó sọ ọ́ di ohun tí ìyá ọlọ́jà fi ń ṣírò lórí ìdúró, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to owó ẹyọ nígbà náà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sọ ogójì di ọ̀nà àádọ́ta. Okùn márùn-ún ni igba, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ó parí. Tí ọjà bá jẹ́ egbèje, igba méje ni, okùn márùn-ún márùn-ún lọ́nà méje. Ẹni tó fẹ́ san mẹ́wàá dín nígba kò ní í jókòó máa tú okùn: á gbé okùn márùn-ún kalẹ̀, á sì gba ẹyọ mẹ́wàá padà. Bí owó ṣe ń rìn láàárín ọwọ́ méjì náà ni ẹnu ṣe ń pè é.

Àádọ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni mo fẹ́ràn jù. 50, 500, 5,000. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣẹ̀dá wọn: ẹ lọ dé ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ sì padà sẹ́yìn ní ìdajì. Ọgọ́ta dín mẹ́wàá, ẹgbẹ̀ta dín ọgọ́rùn-ún, ẹgbàáta dín ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó ń sọ pé òǹkà Yorùbá lọ́jú pọ̀ ń wò ó lórí pépà ni, wọn ò gbé owó sílẹ̀ kà á rí.

Iṣẹ́ tó nira ni, kí n má parọ́. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ wẹ́wẹ́ ti Maldives wúwo tó nǹkan bíi kílò 25, ẹrù odindi aláàárù kan. Láti bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Jámánì ti ń fi ọkọ̀ kó irú rẹ̀ tó tóbi láti Zanzibar wá sí Èkó. Iye kan náà ni wọ́n ń kà á sí, àmọ́ ó wúwo jù, ó sì pọ̀ yamùrá débi pé owó náà ṣá. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn fi ń lọ sópin, ẹgbàá kan ti di sísì lásán, ọ̀kẹ́ kan sì di ṣílè márùn-ún. Ẹ fojú inú wo ẹni tó kúnlẹ̀ ka 2,000 tán, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ sísì.

Ọjọ́ ọjà náà ní òǹkà tirẹ̀. Ọrún, ìsán, ìtàlá, ìtàdógún: 5, 9, 13, 17. Mẹ́rin ló ń wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo, torí pé ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí a parí la jọ ń kà. Mo máa ń bi àwọn ọmọ pé ìsán méjì tó tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ mélòó. Gbogbo wọn á pariwo pé méjìdínlógún. Ìtàdógún ni, nítorí ọjọ́ kẹsàn-án kan náà ló parí ìsán àkọ́kọ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ èkejì. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá àjọ ní ìtàdógún-ìtàdógún kò ṣi ọjọ́ yìí rí, wọn ò sì ní kàlẹ́ńdà lára ògiri.

Ìyá bàbá mi ta elùbọ́ ní Ọjà Jagun, kò sì mọ̀wé. Nígbà tí náírà wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ìjọba ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ṣílè kan, kọ́bọ̀ márùn-ún ni sísì, náírà méjì sì ni pọ́n-ùn. Àwa ọmọ ilé ìwé ń fi bírò ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Màmá ò dúró dè wá. Bí oníbàárà bá pe 85 kọ́bọ̀, márùndínláàádọ́rùn-ún ni Màmá gbọ́. Àádọ́rùn-ún kọ́bọ̀ jẹ́ ṣílè mẹ́sàn-án, márùn-ún tó dín jẹ́ sísì. Á na ọwọ́, á ní, "Ṣílè mẹ́sàn-án dín sísì, ọmọ mi, ẹ san án." Owó á wọ àpò kí èmi tó fa ìlà sábẹ́ ìṣirò mi.