Ọ̀wọ̀ Láàárín Ifẹ̀ àti Ìbíní

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè pé ìlú wo ni ayé pé sí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkó ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ìlú tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé èdè Ẹ̀dó ni orúkọ rẹ̀ ti wá, tí àwọn Potogí tún sọ ní orúkọ mìíràn, tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà wá kọ́lé sí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà ní ọdún 1861, kò lè ṣàì jẹ́ ìlú ayé gbogbo. Ìbàdàn ni wọn yóò fi tẹ̀ lé e, nítorí pé láti ìgbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ìlú oríṣiríṣi ti jùmọ̀ ń gbé ibẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rántí Ọ̀wọ̀.

Ohun tí ó fa ìgbàgbé náà ni pé iye àjèjì ni a fi ń wọn ìlú. Òṣùwọ̀n yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún a máa kó ènìyàn láti ìlú mẹ́wàá jọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù a palẹ̀ mọ́, a gba ilé rẹ̀ lọ, ìlú tí ọjà wà nínú rẹ̀ kò sì ní fi ohunkóhun yàtọ̀ sí bí ó ti wà ní àárọ̀. Ìbéèrè kejì wà tí ó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: ohun tí àlejò gbé wá, kí ni onílé sọ ọ́ dà? Bí a bá gbé ìbéèrè yìí lé Ọ̀wọ̀, ìlú náà kò kéré sí èyíkéyìí.

Ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ni Ọ̀wọ̀ wà, lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbíní. Upenmen kò jìnnà sí i. Ifọ̀n, Ìdóàní, Okeluse àti àwọn ìlú Ọ̀sẹ́ yòókù ni ó sì bá ilẹ̀ Ẹ̀dó pààlà. Orúkọ Upenmen fúnra rẹ̀ tó ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń fi fáwẹ̀lì ‘u’ bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n ní ẹkùn yìí, ‘ulé’ ni àwọn àgbà ń pe ilé. Wọ́n tún ní ìró ‘gh’, èyí tí Yorùbá Ọ̀yọ́ kò ní. Nítorí náà ‘Ọ̀ghọ̀’ ni ọmọ Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú rẹ̀. Ní Ìdóàní pàápàá, àwọn kan wà tí èdè Ìyàyú, tí ó jẹ́ ìbátan èdè Ẹ̀dó, jẹ́ èdè abínibí wọn, tí wọ́n sì ń gbé láàárín àwọn tí ń sọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá dàgbà sí irú àyíká bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọmọ ènìyàn pọ̀ láyé.

Ifẹ̀ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Odùduwà ni wọ́n ka Ojugbelu, Ọlọ́wọ̀ àkọ́kọ́, sí. Ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìbọ̀wọ̀fúnni rẹ̀ ni wọ́n sì sọ pé ó di orúkọ ìlú. Ìmàdé ọmọ rẹ̀ ni ìtàn ka ìrìnàjò àti ìtẹ̀dó sí lọ́rùn lẹ́yìn rẹ̀. Apá yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìtàn ìlú Yorùbá mìíràn, nítorí náà kò yẹ kí ó dá ẹnikẹ́ni dúró pẹ́.

Ìtàn Òṣógboyè ni ó gba àròjinlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1600 ni àwọn òpìtàn fi ìjọba Ọlọ́wọ̀ yìí sí. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọba, wọ́n rán an lọ sí ààfin Ọba Ìbíní kí ó lọ kọ́ ìlànà oyè àti àṣà ààfin. Ìtàn sọ pé nígbà tí àkókò tó kí ó padà wá jọba, ńṣe ni ó sá kúrò níbẹ̀. Bí ó ti gun orí ìtẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ohun tí ó ti kọ́: oyè, aṣọ ìjòyè àti ètò ààfin bíi ti Ìbíní. ‘Ugha’ ni orúkọ àgbàlá inú ààfin Ọlọ́wọ̀ títí di òní, ọ̀rọ̀ tí ará Ìbíní náà yóò gbọ́ láìsí ògbifọ̀.

Ṣé Ọ̀wọ̀ sin Ìbíní ni tàbí kò sìn ín? Àríyànjiyàn lórí èyí kò tíì tán. Òpìtàn Ìbíní a ní ó san ìṣákọ́lẹ̀. Òpìtàn Ọ̀wọ̀ a ní irọ́ ni. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́ òtítọ́, ẹrú kì í ṣa ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àṣàyàn ni Ọ̀wọ̀ ṣe. Ó gba aṣọ àti oyè Ìbíní, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi ń pàṣẹ, Ifẹ̀ ni ó sì tún ń nawọ́ sí bí a bá bi í léèrè orírun.

Ẹ wo ẹ̀wù òrùfanràn. Ẹ̀wù ńlá ni, tí àwọn ìjòyè ńlá Ọ̀wọ̀ ń wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Aṣọ òdòdó pupa ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n rán lé ara wọn bí ìpẹ́ akika, tí wọ́n sì fi eyín erin gbígbẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára. Aṣọ jagunjagun Ìbíní ni àwòṣe rẹ̀. Òdòdó náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fì ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti wá, láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò òkun tí wọ́n ti ń dé Ìbíní láti nǹkan bí ọdún 1486. Eyín erin jẹ́ ti inú igbó tí ó yí Ọ̀wọ̀ ká, ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ sì jẹ́ ọwọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Ayé mẹ́ta pàdé lára ẹ̀wù kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ó rí ìjòyè náà lójú agbo tí yóò pè é ní àlejò.

Ó rọrùn láti rò pé Òṣógboyè nìkan ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ilẹ̀ ti já irú èrò bẹ́ẹ̀ ní koro. Ní ọdún 1971, awalẹ̀-wádìí Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó’Lájà nínú ìlú Ọ̀wọ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ sísun. Àyẹ̀wò èédú tí ó bá wọn nínú ilẹ̀ fi hàn pé àárín ọdún 1400 sí 1500 ni wọ́n jẹ́. Orí mìíràn ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lójú gẹ́gẹ́ bí orí Ifẹ̀. Àwọn mìíràn ní àmì tí ó jọ ti Ìbíní. Àwọn kan sì wà tí wọn kò jọ ti ẹnikẹ́ni: ẹkùn tí ó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn há ẹnu, àti agbọ̀n tí ohun ẹbọ kún inú rẹ̀. Nígbà náà, ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí Òṣógboyè tó jọba tí Ọ̀wọ̀ ti ń bá ilé méjèèjì sọ̀rọ̀. Ọba náà mú ọ̀nà gbòòrò sí i ni. Òun kọ́ ni ó là á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò gbọ́dọ̀ fiyè sí èyí: ìtàn àtẹnudẹ́nu a máa gbé iṣẹ́ ìran púpọ̀ lé orí ọba kan.

Igbó’Lájà yìí kan náà ni ó so mọ́ ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, ayaba abàmì tí ó jẹ́ aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹnjẹn. Ó ní èèwọ̀ tirẹ̀: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sílẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da èèwọ̀ náà, ó sì fi ilé sílẹ̀ láìpadà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọdún Igógo lọ́dọọdún, tí Ọlọ́wọ̀ fi ń di irun, tí ó ń wọ aṣọ obìnrin, tí ó sì ń kó iyùn sọ́rùn; ìlù kò gbọdọ̀ dún lákòókò náà, agogo nìkan ni. Ìlú yìí kan náà tí ó gba àṣà ọba Ìbíní wọlé ni ó ń rántí lọ́dọọdún bí ilé kan ti ṣe kùnà láti gba obìnrin kan pẹ̀lú èèwọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó dun ni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mímọ̀-ọ́n-gbà Ọ̀wọ̀ ti pa á lára. Ọ̀gá ni àwọn agbẹ́yín-erin rẹ̀; ìgbà mìíràn sì wà tí ó jọ pé ààfin Ìbíní gan-an ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ fún. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Ìbíní ní ọdún 1897, tí ẹrù rẹ̀ fọ́n ká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù, ‘Ìbíní’ ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ eyín erin tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀wọ̀. Ó di ìgbà tí William Fagg àti àwọn onímọ̀ mìíràn fara balẹ̀ wò wọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹ̀tọ́ padà fún olówó rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún 1968; nígbà tí ó sì di ọdún 1980, àwọn ère Igbó’Lájà wà lára ìṣúra Nàìjíríà tí wọ́n pàtẹ ní Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ Ọ̀wọ̀ hàn kedere lára wọn.

Nínú ìṣèlú náà, ipò ìlú yìí lójú ọ̀nà kò sọnù. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí Ẹgbẹ́ Action Group ní gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, nígbà tí Olateru Ọlágbẹ̀gí Kejì wà lórí oyè, tí Adékúnlé Ajásin sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà kó Yorùbá àti Ìbíní pọ̀. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìpẹ̀kun rẹ̀, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó wà. Ní ọdún 1963 ni wọ́n dá Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, tí Ìbíní bọ́ sí òdì kejì, tí àwọn ìlú Ọ̀sẹ́ sì di ìlú ẹnu ààlà. Àwòrán ilẹ̀ yí padà lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbàlá inú ààfin Ọlọ́wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000, ṣì ń jẹ́ ugha.