Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó kọ̀ láti gba iná: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Kò sí àdúgbò n'Íbàdàn lónìí, títí dé Bẹẹrẹ, Ọjàaba àti ẹsẹ̀ òkè Mápó, tí wọn kì í ti í lo kọ̀ǹpútà alágbèéká. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá, àwọn tó ń bá aráàlú tẹ̀wé sì ń fi í jẹun. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ láti gba iná, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé bátìrì ti kú. Wọ́n á sáré lọ ra tuntun, owó á lọ, ẹ̀rọ kò sì ní í jí. Ara ògiri ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn náà, kó tó dé inú ẹ̀rọ.

Ẹ ki ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí fóònù bá gbaná, ẹ fọwọ́ tẹ wáyà tó so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí dúdú kékeré tó wà láàárín ṣájà. Ẹnu wáyà yìí máa ń yẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti odidi ṣájà.

Àpótí dúdú náà ló ń sọ iná bíi 230 fólítì tó ń bọ̀ láti orí òpó di 19 tàbí 20 tí ẹ̀rọ lè gbà. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a bíná bá ń ṣe ségesège. NEPA ti kógbá sílé láti ọdún 2005, IBEDC ló sì ń pín iná fún Íbàdàn láti ọdún 2013, síbẹ̀ "Up NEPA!" làwọn ọmọdé ṣì ń pariwo bíná bá dé. Àsìkò ayọ̀ yẹn gan-an léwu, nítorí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kọjá ìwọ̀n. Ẹni tó bá yọ ṣájà nígbà tíná lọ, tó sì ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dá a padà, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yá ṣájà ẹlòmíì dán an wò, kì í ṣe èyí tẹ́nu rẹ̀ bá ṣáà ti wọlé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: iye fólítì tó ń gbé jáde gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba, iye ámpù lè jù ú, kò gbọdọ̀ dín. Ọ̀pọ̀ ṣájà Dell tún ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín ẹnu rẹ̀, tó ń sọ irú ṣájà tó jẹ́ fún ẹ̀rọ. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá ṣẹ́, tàbí tí ṣájà jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ kí bátìrì má gba nǹkan kan. Ṣájà fóònù náà lè wọ ihò USB-C, kí agbára rẹ̀ má tó kọ̀ǹpútà.

Ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò ṣájà. Igi ìtayín ni kẹ́ ẹ fi yọ eruku ibẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Bí ihò náà bá ń mì, oníṣẹ́ ni yóò fi òjé lẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ti tò kó má gbaná kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kì í ṣàìsàn.

Ìgbà yìí ló tó kan bátìrì. Bó bá ṣe é yọ, ẹ yọ òun àti ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kẹ́ ẹ wá fi ṣájà nìkan tan án. Bó bá tàn, ìfura bọ́ sórí bátìrì. Lórí Windows, ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt. Yóò sọ iye agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó kù. Èyí tó ń gba 40,000 mWh tẹ́lẹ̀, tó wá di 10,000, ti gbó nìyẹn.

Bátìrì tó wú, tó gbé ojú ìtẹ̀wé sókè, kò gba ìdánwò kankan. Ẹ yọ ṣájà kíá, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Lọ́dún 2006, Dell gba bátìrì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, tí Sony ṣe ohun inú wọn, padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nítorí pé wọ́n lè gbiná. Ká má wá sọ ti ayédèrú, nínú yàrá téèyàn ń sùn.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un jí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú mọ́dábọ́ọ̀dù ni ọ̀ràn wà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi mítà wọn iná níwájú yín kó tó dá owó lé e. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ kò sì ní láti dúró dìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe: nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, oníṣẹ́ lè yọ díìsìkì ibi tí iṣẹ́ wà, kó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kó sì da gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì.