Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìtàn R àti Ẹrù Tó Ń Kó Pamọ́

Ìtàn ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìtàn ogun Jálumi o, ìtàn èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní R ni. Ẹni tó bá ní project láti ṣe, kó fetí sílẹ̀ dáadáa.

Kí R tó dé, S ló wà nílẹ̀. Ọdún 1976 ni John Chambers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ S ní Bell Laboratories, Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ ìṣirò dátà. Lọ́dún 1991, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, bẹ̀rẹ̀ èyí tó jọ ọ́. Ẹ rí i pé R ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 1993, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1995, R 1.0.0 sì jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2000.

Ọdún 1991 yẹn náà ni iléèwé wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, di Ladoke Akintola University of Technology. Ilé ò yí, orúkọ ló yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú R: ọ̀tọ̀ ni orúkọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń jẹ́ ẹ.

Ibo ni wọ́n ń kó ẹrù sí? S máa ń kọ ohun tí a bá fún lórúkọ sínú fáìlì, nínú fódà kan tó ń jẹ́ .Data. Tí iná bá lọ, ẹrù ṣì wà. R ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Inú mẹ́mọ́rì ló ń kó tiẹ̀ sí. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí bátìrì sì ti kú, ó parí nìyẹn. Tí èèyàn bá fẹ́ jáde, R á bi í bóyá kó bá a tọ́jú ẹrù. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ á wọ inú fáìlì kan, .RData. Lọ́jọ́ kejì, tó bá ṣí R nínú fódà yẹn, ẹrù àná á padà wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ká ní ẹnì kan ti pa ìlà tó ka dátà rẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, iṣẹ́ ń lọ geere, torí dátà àtijọ́ ṣì ń bẹ nínú .RData. Lórí ti supervisor, R á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni kí ẹrù àtijọ́ jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú tuntun: ìdáhùn á jáde, kò sì ní tọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò ní fura.

Ilé tí orúkọ ń gbé ni R ń pè ní environment. Ayọ̀ pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ Ayọ̀ ilé wa kọ́ ni Ayọ̀ ilé yín. Tí function bá ń wá orúkọ kan, yàrá tiẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Tí kò bá rí i, á lọ wo ilé tí wọ́n bí i sí, kì í ṣe ilé tó yà sí. Inú èdè Scheme ni Ihaka àti Gentleman ti mú àṣà yìí. S ò ní in. Ìdí nìyẹn tí function tí wọ́n bí sínú function mìíràn fi ń gbé odindi ilé dání tí a bá tọ́jú rẹ̀. Fáìlì tó yẹ kó fúyẹ́ á wá wúwo bí Ghana-must-go.

Kí wá ni ṣíṣe? Tí R bá bi yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní rárá. Ẹ kọ iṣẹ́ yín sínú script, kẹ́ ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ látinú ilé òfìfo. Ohun tó bá pẹ́ kó tó ṣe tán, ẹ fi saveRDS tọ́jú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. readRDS á jẹ́ kẹ́ ẹ fún un lórúkọ tó wù yín. Ṣùgbọ́n load ń gbé orúkọ àtijọ́ wọlé ni, ó sì ń lé onílé jáde láìbéèrè. Ẹ rántí pẹ̀lú: ohun tí R 3.6.0 ti ọdún 2019 bá tọ́jú, tí ẹ ò bá yí ètò rẹ̀ padà, R tó ṣáájú 3.5.0 ò lè ṣí i.

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n fi ń wọ project o jàre. Nọ́ńbà tí ẹ ò mọ ilé tó ti wá, ẹ má gbé e síwájú àwọn olùdánwò.