Òdòdó Tí A Kà, Tí A Kò Rí

Mélòó nínú wa ni kò kọ́kọ́ bá daffodil pàdé nínú ìwé, kó tó mọ òdòdó igi irúgbá?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí oṣù Kẹta, nígbà tí òtútù bá ń lọ, ni daffodil máa ń tanná. Olùkọ́ ibẹ̀ lè kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n fojú rí i, kí wọ́n sì yà á sínú ìwé. Ẹ̀kọ́ gidi ni fún wọn.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wa, ewì tí William Wordsworth kọ nípa òdòdó yìí, tí ó jáde ní 1807, bá wọn wọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ọmọ ń há ohun tí wọn kò rí rí sórí. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbé ìlànà jáde pé kí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà bá àṣà àti iṣẹ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ mu. Síbẹ̀, ewì náà kò kúrò ní kíláàsì.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa. Wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Èdè ti wà. Òdòdó ńkọ́? Àwa náà ní èyí tí ó ń ṣíwájú òjò. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, pọ̀npọ̀lá á wọ́wé tán, òdòdó pupa á sì bo ẹ̀ka rẹ̀. Òdòdó irúgbá a máa rọ̀ dirodiro bí bọ́ọ̀lù pupa. Lóru, àdán á wá mu oje rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì gbé e lọ sórí igi mìíràn. Ìyẹn ní ń jẹ́ kí ó so èso, inú èso náà ni a ti ń rí irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní sọ òkò sí àdán mọ́.

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an, ọ̀pọ̀ wa ló mọ orúkọ pọ̀npọ̀lá tí kò dá igi náà mọ̀. Bí àwa kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò fi han àwọn ọmọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ni, ẹ kó wọn jáde kí òjò tó dé.