Ilka Gedő (1921–1985): Ẹ̀kọ́ Àdákọ́, Ìdákẹ́ àti Ìpadàbọ̀ Obìnrin Ayàwòrán Ọmọ Húngárì Kan

Ìfáàrà

Àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń pín àwọn ayàwòrán sí ìsọ̀rí méjì: àwọn tí ó gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọjá, àti àwọn tí ó dá iṣẹ́ náà kọ́ fún ara wọn. Ìpín yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kì í dúró dáadáa nígbà tí a bá gbé ìgbésí-ayé Ilka Gedő yẹ̀ wò. Obìnrin ọmọ bíbí ìlú Budapest, tí í ṣe olú-ìlú Húngárì, ni. Kò gba ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan títí ọlọ́jọ́ fi dé. Síbẹ̀, kì í ṣe aláìmọ̀wé, kì í sì í ṣe ẹni tí ó ń yàwòrán láìmọ ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti yà. Ohun tí ó tún mú kí ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì ni pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 16, ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé jù lọ. Ohun tí ó fa ìdákẹ́ náà, àti ohun tí ìdákẹ́ náà sọ iṣẹ́ rẹ̀ dà, ni ó jẹ àròkọ yìí lógún.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ọjọ́ 26, oṣù karùn-ún, ọdún 1921 ni a bí i, sínú ìdílé àwọn Júù tí ó fẹ́ràn ìwé. Simon Gedő, bàbá rẹ̀, jẹ́ olùkọ́ èdè Húngárì àti èdè Jámánì ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn Júù ní Budapest. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń fi pẹ́ńsù ya ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ bá rí: ará ilé, àlejò, àgbẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lóko, ẹni tí ó sùn lọ lórí àga. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ìyàwòrán ìgbà èwe yìí ṣì wà títí di òní. Nígbà ìsinmi, a máa lọ sí Szentendre, ìlú kékeré kan ní etí odò Danube ní àríwá Budapest, níbi tí àwọn ayàwòrán ti tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá.

Ọdún 1939 ni ó parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ó ronú láti lọ kọ́ṣẹ́ ní Párísì, ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Ní ilé pàápàá, ọ̀nà ti fún. Láti ọdún 1920 ni òfin kan ti wà tí ó díwọ̀n iye ọmọ Júù tí ó lè wọ yunifásítì ní Húngárì, nígbà tí ó sì di ọdún 1938 àti 1939, ìjọba tún ṣe òfin mìíràn tí ó lé àwọn Júù kúrò nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àti ipò. Kò yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń lo orúkọ náà, "ayàwòrán àdákọ́", fún Gedő gbàgbé èyí. Ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ síta yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ wọlé.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó lọ sí ibi iṣẹ́ àwọn ọlọ́nà tí ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn: Tibor Gallé, Viktor Erdei, àti István Örkényi-Strasser tí í ṣe agbẹ́gilére. Kò pẹ́ lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Ìwọ̀nba ni ohun tí ó rí gbà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà tirẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 1942, ó bá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́nà Alájọni kópa nínú ìpàtẹ kan ní Budapest.

Àwọn Àwòrán Inú Gẹ́tò

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Jámánì wọ Húngárì. Láàárín oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún náà, a kó àwọn Júù tí ó lé ní 430,000 láti àwọn ìgbèríko ilẹ̀ náà lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí Auschwitz, níbi tí a ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. A kọ́kọ́ kó àwọn Júù Budapest sínú àwọn ilé tí a fi ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè sàmì sí. Ní ìparí oṣù kọkànlá, a kó ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan bí 70,000 ènìyàn, sínú gẹ́tò, àdúgbò kan tí a fi odi yí ká. Ebi, òtútù àti ìbọn pa ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀ kí àwọn ọmọ-ogun Sófíẹ́tì tó tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 1945.

Gedő, ọmọ ọdún 23, wà lára àwọn tí ìyà yìí jẹ, kò sì yéé yàwòrán. Àwọn àgbàlagbà tí ó jókòó láìsọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé, àwọn tí ó sùn tẹ̀wùtẹ̀wù, àwọn tí ó ń kàwé kí ọjọ́ lè lọ: àwọn wọ̀nyí ni ó kún inú ìwé rẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ náà. Kò sí ariwo nínú àwọn àwòrán yìí. Ẹni tí kò bá mọ ọdún tí a yà wọ́n lè rò pé yàrá ìdúró kan ni gbogbo wọn wà, tí wọ́n ń retí ọkọ̀. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú wọn kò farahàn lójú ẹni tí a yà. Ara ìlà ni ó wà, nítorí pé ìlà náà tín-ín-rín, ó sì ń gbọ̀n. Ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ fún òpìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀rí nìkan ni ó fi yà wọ́n. Iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti ìgbà èwe ni ó ń bá lọ.

Ọdún Mẹ́rin Ọ̀wọ́ Iṣẹ́

Nígbà tí ogun parí, ìlẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ṣí. Gedő forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1945, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi kúrò. Ní ọdún 1946, ó fẹ́ Endre Bíró, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa kẹ́mísìrì ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ní ọdún 1947, èkejì ní ọdún 1953.

Ọdún 1945 sí 1949 ni ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lórí ìwé. Ọ̀wọ́ àwòrán ara rẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ jù. Kò fi ara rẹ̀ hàn bí arẹwà. Ó tẹjú mọ́ dígí títí ojú náà fi dà bí ojú ẹlòmíràn, ó sì fi èédú, pẹ́ńsù tàbí pásítẹ́ẹ̀lì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ láìdá ara rẹ̀ sí. Ní ọdún 1947, ó ya ara rẹ̀ nínú oyún. Nínú ìtàn àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, ọkùnrin ni ó sábà máa ń ya aboyún, láti òde. Nínú iṣẹ́ Gedő, aboyún fúnra rẹ̀ ni ó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ Ganz, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ, kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Ó gba àyè láti wọ ibẹ̀, ó sì ya àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1947 àti 1948. Ní àkókò yẹn, ìjọba Kọ́múnísítì tí ń bọ̀ lórí oyè fẹ́ kí àwòrán òṣìṣẹ́ kún fún ẹ̀rín àti iṣan. Àwọn òṣìṣẹ́ tí Gedő yà ti rẹ̀. Wọ́n sinmi lé ẹ̀rọ tàbí kí wọ́n jókòó láàárín gbọ̀ngàn tí ó gbà wọ́n láyè jù. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjú sí tábìlì kékeré kan báyìí nínú ilé rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, tí ó ń yà léraléra. Ibẹ̀ ni ó dúró sí ní ọdún 1949. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ìdákẹ́

Àlàyé tí ó tètè máa ń wá sí ọkàn ni ti ìṣèlú. Òótọ́ ni pé nígbà tí ìjọba Rákosi fẹsẹ̀ múlẹ̀, a kò fẹ́ iṣẹ́ ọnà tí kò kọrin ìjọba. Európai Iskola, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́nà ìgbàlódé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, túká ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́nà ń bá iṣẹ́ wọn lọ nínú yàrá wọn láìpàtẹ rẹ̀. Kí ló dé tí Gedő kò ṣe bẹ́ẹ̀?

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òun àti ọkọ rẹ̀ wà nínú agbo ọ̀rẹ́ tí ó yí Lajos Szabó, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ká. Olóògbé Lajos Vajda, ayàwòrán tí ó kú ní ọdún 1941 ní ọmọ ọdún 33, ni àwòkọ́ṣe wọn. Lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí, àwòrán àfòyemọ̀ nìkan ni ó bá ìgbà mu. Ẹni tí ó bá ṣì ń ya ojú ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, ẹ̀yìn ni ó wà. Àwọn ènìyàn tí Gedő ka ìdájọ́ wọn sí jù lọ kò rí ohun tí ó ń ṣe. Pé ó jẹ́ obìnrin, ìyá ọmọ, láàárín àwọn ọkùnrin tí ń jiyàn títí di òru, kò mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Nínú gbogbo àwọn ìdí tí a lè kà sílẹ̀, èyí ni ó tẹ̀wọ̀n jù, nítorí pé ìjọba lè ti ilé ìpàtẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni ó lè mú kí ènìyàn ṣiyèméjì nípa ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìdákẹ́ náà kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó jókòó ti ìwé, pàápàá ìwé tí Goethe kọ nípa àwọ̀, tí ó jáde ní ọdún 1810. Ó ṣe àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó sì túmọ̀ àwọn apá kan. Ní ọdún 1954, ó kọ àròkọ kan nípa Vajda, ọkùnrin tí a ti fi iṣẹ́ rẹ̀ dá tirẹ̀ lẹ́jọ́. Bí a bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tí Gedő lọ, ọdún wọ̀nyí ni; kò sí olùkọ́, kò sí ìdánwò, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà yóò bí nǹkan kan.

Ìpadàbọ̀

Ní ọdún 1965, a ṣe àfihàn àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1945 sí 1949 fún àwọn ènìyàn díẹ̀. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀dà olóróró. Ní ọdún 1969 sí 1970, òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ní Párísì, ìlú tí ó ti fẹ́ lọ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀nà tí ó gbà ń kun àwòrán kò wọ́pọ̀. Yóò kọ́kọ́ ya àwòrán kékeré, èyí tí ó lè jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Yóò fa ìlà onígun mẹ́rin-mẹ́rin lé e lórí, yóò fi ìlà wọ̀nyí gbé e sórí kánfáàsì ńlá. Lẹ́yìn náà, yóò kọ orúkọ àwọ̀ sí àyè kọ̀ọ̀kan, yóò dán àwọ̀ wò lórí bébà, yóò sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀: èyí tí ó tutù jù, èyí tí ó pa èkejì. Àwòrán kan lè gbà á ní ọdún púpọ̀. Nǹkan bí 150 ni àwòrán ọ̀dà tí ó fi sílẹ̀. Òdòdó àtọwọ́dá, ọgbà ródò àti àwọn eléré sákọ́ọ̀sì ni ó pọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ tí ó yára jù ní Budapest ní ọdún 1947 ti di ọwọ́ tí ó lọ́ra jù. Ibí ni èso ìdákẹ́ náà ti hàn kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọdún 1980 ni Mùsíọ́ọ̀mù Szent István Király ní ìlú Székesfehérvár tó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí ó gbòòrò. Ọmọ ọdún 59 ni nígbà náà. Ní ìparí ayé rẹ̀, ó mú àwọn àwòrán ara rẹ̀ ti ọdún 1940 sí i, ó fi ìlà onígun mẹ́rin gbé wọn sórí kánfáàsì, ó sì kun wọ́n ní ọ̀dà. Obìnrin tí ó ti lé ní 60 ọdún wá ń fi àwọ̀ sí ojú ọmọbìnrin tí kò ì pé 30.

Ó kú ní Budapest ní ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1985. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé ìpàtẹ Compass ní Glasgow, ní Skọ́tlándì, fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ará ibẹ̀. A sì tún pàtẹ wọn ní New York ní ọdún 1994. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù Jámánì. Ní ọdún 2021, tí ó pé 100 ọdún tí a bí i, Magyar Nemzeti Galéria, ilé àwòrán orílẹ̀-èdè Húngárì, pàtẹ àwọn iṣẹ́ orí bébà rẹ̀ ní Budapest. Ọ̀pọ̀ àwòrán gẹ́tò wà ní Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí a ti ń tọ́jú wọn pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rí àwọn tí ó la ọdún 1944 já àti àwọn tí kò là á já.