Ọ̀rọ̀ Wo Ló Yẹ Ìrìn Àjò Ọmọńlé?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù ni ọmọńlé ti ń ṣọ́ kòkòrò lálẹ́. Orúkọ yẹn bá a mu, torí ọmọ inú ilé ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé gbé kálámù, kó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ibi tí ìran ọmọńlé ti ṣẹ̀ àti bó ṣe dé òkè òkun, iṣẹ́ dé nìyẹn.

"Ìdàgbàsókè" ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu fún bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọ̀rọ̀ náà ń ṣini lọ́nà. Ohun tó dàgbà sókè ti sàn ju ti àná lọ. Ọmọńlé òde òní kò sàn ju baba ńlá rẹ̀, ibi tó ń gbé ló bá mu. "Àyípadà ìrandíran" gùn díẹ̀, àmọ́ kò purọ́.

Ní ti ẹbí, Yorùbá ò tòṣì. Ìdílé, ìbátan, ọmọ ìyá: ẹ̀jẹ̀ ló so ọmọńlé àti àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe àfiwé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá wo ọmọńlé láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé á rí i pé ìpele ìpele ni awọ abẹ́ ìka rẹ̀, tí orí ìka sì yọ sókè pẹ̀lú èékánná. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní Hemidactylus, "ìdajì ìka" lédè Gíríìkì. Irun tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí ló bo ìpele náà. Ẹni tó bá kọ "gọ́ọ̀mù" síbẹ̀ ti ṣìnà, nítorí kì í ṣe oje tó ń lẹ̀ ló ń dì í mú. "Irun ìlẹ̀mọ́" ló tọ́.

Ìrìn àjò rẹ̀ ló kù. Ní 1818, onímọ̀ kan, Moreau de Jonnès, sọ ẹ̀yà ọmọńlé kan ní mabouia, láti ara èyí tí wọ́n rí ní àwọn erékùṣù Antilles ní Kàríbíà. Bẹ́ẹ̀ Afíríkà ni orírun rẹ̀! Ní 2021, onímọ̀ Ishan Agarwal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA àwọn ọmọńlé tó ń jẹ́ mabouia wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ ìran tó jọra bí ìbejì ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. "Ẹ̀yà afarajọra" á dára fún wọn. Ọ̀kan péré nínú wọn ló tàn dé Amẹ́ríkà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ òwò ẹrú ló gbé e sọdá. Lónìí, ó wà lára ògiri ilé ní Bràsíl àti Kúbà.

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé ó ṣẹ́gun ayé. Ta ló bá jà? Inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọmọ Afíríkà lọ sóko ẹrú ló jọ pé ó sá pamọ́ sí. "Àtọ̀húnrìnwá" pàápàá kò bá a mu tán, torí kò rìn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní abọ́kọ̀wá.